Má Fi Ọmọ Ọwọ́ Ṣe Àwáwí, Àbẹ̀kẹ́

Ilé wa,
Ìlá-Ọ̀ràngún.
Àárọ̀ ọjọ́ Ajé.

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Mi ò ní béèrè bóyá àlàáfíà lo wà, torí mo gbọ́ ohùn rẹ lórí fóònù lánàá lẹ́yìn ìsìn, mo sì mọ̀ pé kò sí àlàáfíà níbẹ̀. Bàbá rẹ ní kí n pè ọ́ padà. Mo ní rárá. Bí mo bá pè ọ́, wàá sunkún, èmi náà á sunkún, a ò sì ní sọ nǹkan kan tó máa ṣe ọ́ láǹfààní. Ìdí nìyẹn tí mo fi ti ilẹ̀kùn, tí mo jókòó sídìí tábìlì oúnjẹ, tí mo mú bébà. Ìyá Délé, aládùúgbò rẹ l'Ékòó tó wá sílé fún ìkómọ, ń padà lọ́sàn-án yìí. Òun ni yóò mú lẹ́tà yìí wá. Mo ti sọ fún un pé kó má fún ọkùnrin ẹnu géètì, ọwọ́ rẹ gan-an ni kó fi í lé.

Jẹ́ n kọ́kọ́ tún ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu rẹ sọ, kó má lọ jẹ́ pé mo ṣì ọ́ gbọ́. Wọ́n fẹ́ ṣe wọ́kíṣọ́ọ̀pù kan n'Íbàdàn lórí áljẹ́bírà àti tọpọ́lọ́jì, ìṣirò tí ẹ fi ń wo bí nǹkan ṣe so pọ̀ tàbí bó ṣe lọ́, fún ẹ̀yin onímọ̀ ìṣirò tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Èèyàn púpọ̀ ló kọ̀wé sí wọn, wọ́n sì mú orúkọ rẹ. Wọ́n á san owó ọkọ̀ rẹ, wọ́n á fún ọ ní yàrá àti oúnjẹ. Wọ́n tún ní ẹni tó bá ní ọmọ ọwọ́ lè mú ẹnì kan dání tí yóò máa bá a gbé ọmọ, àwọn á sì bọ́ onítọ̀hún pẹ̀lú. Wọ́n fún ọ láàyè kí o dúró níwájú àwọn àgbà iṣẹ́ yín, kí o ṣàlàyé iṣẹ́ tí ìwọ àti ọ̀gá rẹ jọ ṣe. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni ẹ ó bẹ̀rẹ̀. Ìwọ wá sọ fún mi lánàá pé o ti kọ̀wé pé o ò lè wá, torí Ìbùkún kò tíì lè jókòó, ọkọ rẹ kò sì sí nílé. O ní o ò tíì fi í ránṣẹ́, pé o fẹ́ kí n kọ́kọ́ gbọ́.

Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n mo tún gbọ́ ohun tí o fi ohùn kékeré sọ lẹ́yìn tí a ti dágbére tán, pé o rí ihò nínú ẹ̀rí iṣẹ́ náà, àti ohun tí ọ̀gá rẹ sọ nígbà tí o fi í hàn án. Èmi ni mo bí ọ, Tèmítọ́pẹ́. Láti kékeré, ohun tó bá ń dùn ọ́ jù, ẹ̀yìn ìgbà tí a bá ti dágbére lo máa ń sọ ọ́. Lọ́jọ́ tí o fọ́ gíláàsì ojú bàbá rẹ, o ti kí wa pé ó dàárọ̀, o ti dé ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ, kí o tó yíjú padà. Nítorí náà, má sọ fún mi pé torí Ìbùkún ni. Ọmọ tí kò tíì hu eyín kò dí ọ lọ́wọ́ láti lọ síbì kankan. Má fi í ṣe àwáwí.

Inú bí mi lánàá, ó sì ṣì ń bí mi díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ló bà mí jù, torí mo mọ ohun tó wà nílẹ̀. Ọ̀gá rẹ ló mú ọ wọ iṣẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì. Òun náà ni yóò fọwọ́ sí i bóyá wọ́n á fìdí rẹ múlẹ̀ níbẹ̀ tàbí wọ́n á ní kí o máa lọ. Orúkọ rẹ̀ ló ṣáájú tìrẹ lórí iṣẹ́ yìí. O lọ fi ihò náà hàn án, ó wò ó, ó ní, "Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó máa wo ibẹ̀." Bí o bá lọ s'Íbàdàn tí o sọ òótọ́, ojú á ti ọ̀gá rẹ láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí o bá lọ tí o pa á mọ́, o ti parọ́. Bí o ò bá wá lọ rárá, kò sí òótọ́, kò sí irọ́, gbogbo èèyàn á kàn ní ìyá ọmọ ni. Ibi tí o fẹ́ gbà sá nìyẹn, mo sì rí ọ.

Òótọ́ ni pé ìṣirò ni mo fi gbogbo ọjọ́ ayé mi kọ́ àwọn ọmọ títí mo fi fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n mi ò ní ṣe bí ẹni tó mọ iṣẹ́ yín. Èyí tí mo mọ̀ níbẹ̀, ìwọ lo kọ́ mi, lórí tábìlì yìí kan náà, nígbà tí o wá lo ìsinmi nílé láti yunifásítì. O gé bébà tẹ́ẹ́rẹ́ méjì. O so ẹnu ọ̀kan pọ̀ bíi bẹ́líìtì. O lọ́ èkejì lẹ́ẹ̀kan kí o tó so ó. O wá fi ọwọ́ bo méjèèjì, o ṣẹ́ ibi kékeré kan kù lára wọn, o ní kí n sọ èyí tí o lọ́. Mi ò mọ̀. Ibi yòówù kí o ṣí fún mi, bébà lásán ni mo ń rí. O fún mi ní báírò pé kí n fa ìlà láàárín wọn láì gbé ọwọ́, ìlà ti ọ̀kan sì ti inú bọ́ sí ẹ̀yìn kó tó padà wá pàdé ara rẹ̀. Bàbá rẹ ti ibi ẹmu dé bá wa, ó gba báírò, ó fa tirẹ̀, ìlà náà tún bọ́ sí ẹ̀yìn, ó ní àfi bí ẹmu bá ti mú ọwọ́ òun gbọ̀n. A rẹ́rìn-ín títí oúnjẹ fi tutù.

Bí o ṣe ń ṣàlàyé fún mi lánàá, bébà yẹn ni mo ń rí. Nínú ẹ̀rí tí ẹ fi gbé iṣẹ́ yín dúró, o mú nǹkan méjì, o tú wọn sí wẹ́wẹ́, o fi hàn pé wẹ́wẹ́ ti èkíní bá ti èkejì mu níbi gbogbo. O wá kọ ọ́ pé, "Ó hàn gbangba pé odindi wọn náà bára mu." Kò hàn gbangba. Ó lè jẹ́ pé ọ̀kan lọ́ níbì kan. Ìwọ tí o fi bébà kọ́ ìyá rẹ lo ṣe irú àṣìṣe yẹn, ọ̀gá rẹ kà á kọjá, àwọn tó bá yín yẹ̀ ẹ́ wò náà kà á kọjá. Mi ò bú ọ. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ yín kò tilẹ̀ lè dé ibi tí yóò ti ṣe irú rẹ̀. Ìwọ náà lo sì padà lọ rí i, láìsí ẹni tó rán ọ. Inú mi dùn sí ìyẹn ju bí inú mi ṣe dùn lọ́jọ́ tí wọ́n mú orúkọ rẹ.

Ó yá, gbọ́ ìmọ̀ràn mi. Mo fẹ́ tò ó ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí olùkọ́. Bí mo bá dàrú láàárín, fara mọ́ ọn.

Èkíní ni ti "ó hàn gbangba" yẹn. Mo ti lò ó rí. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ olùkọ́ n'Ílá níbí, kí n tó fẹ́ bàbá rẹ, wọ́n rán èmi àti àwọn mìíràn lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìgbà ìsinmi n'Íbàdàn, lórí ẹ̀kọ́ tuntun tí wọ́n fẹ́ fi kún ìṣirò. Láti àárọ̀ ọjọ́ kìíní ni mo ti sọnù. Ọkùnrin tó ń kọ́ wa kọ nǹkan sójú pátákó, ó ní ṣé ó yé wa, gbogbo gbọ̀ngàn mi orí, èmi náà mi orí. Mo wo àwọn ará Èkó pẹ̀lú bàtà wọn tó ń dán, mo ní èmi ọmọ Ìlá wo ló fẹ́ dìde sọ pé kò yé òun. Mo mi orí bẹ́ẹ̀ títí ó fi parí. Nígbà tí a ń di ẹrù láti lọ sílé, arábìnrin tí a jọ wà ní yàrá kan ní, "Ṣé ó tiẹ̀ yé ìwọ? Èmi ò gbọ́ nǹkan kan o." A rẹ́rìn-ín. Kò yẹ kí a rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí mo délé, wọ́n ní kí n wá fi ohun tí mo kọ́ kọ́ àwọn olùkọ́ agbègbè wa. Wọ́n wá láti Òkè-Ìlá, láti Ire, láti Ìgbájọ, àwọn mìíràn lórí ọ̀kadà, eruku bo ṣòkòtò wọn. Mo da ohun tí mo há sórí sójú pátákó. Bàbá olùkọ́ kan láti Ìgbájọ dìde, àgbàlagbà tó ti ń kọ́ni kí wọ́n tó bí mi. Ó ní, "Mìsì, ẹ jọ̀ọ́, báwo ni ìlà kẹta yẹn ṣe jáde látinú èkejì?" Mi ò mọ̀. Mo fi ṣọ́ọ̀kì gbá ojú pátákó, mo ní, "Ṣùgbọ́n ó hàn gbangba, sà." Àwọn tó wà lẹ́yìn fi bàbá náà rẹ́rìn-ín. Ó ní ó ṣeun, ó jókòó, ó ká ìwé rẹ̀. Kò bi mí ní nǹkan kan mọ́, kò sì sí ẹlòmíràn tó bi mí. Gbogbo wọn mi orí bí èmi náà ṣe mi tèmi n'Íbàdàn, a sì tú ká lọ fi ohun tí kò yé wa kọ́ ọmọ ọlọ́mọ.

Nítorí náà, ibikíbi tí ọwọ́ rẹ bá ti ń yá láti kọ ọ́ pé ó hàn gbangba, dúró, kí o bi ara rẹ bóyá ó hàn lóòótọ́ tàbí ó ti rẹ̀ ọ́ ni. Nígbà tí o bá sì dé gbọ̀ngàn yẹn, tí o rí i tí gbogbo orí ń mì, rántí arábìnrin tó ń di ẹrù.

Èkejì ni ti ọ̀gá rẹ, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti le. Èmi àti bàbá rẹ jà lórí èyí lánàá. Ó ní, "Àgbà ti sọ̀rọ̀. Ẹni tó fún un níṣẹ́ ni." Mo ní ṣé àgbà ni yóò dúró níwájú pátákó ni? Ó ní, "Ìwọ lo kọ́ ọ ní agídí." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó fi fìlà dé orí, ó bá ọ̀nà jáde. Ṣùgbọ́n nígbà tí ara mi rọlẹ̀, mo rí i pé kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni kò dáa. Kò gbọdọ̀ jẹ́ níwájú èèyàn ni ọ̀gá rẹ yóò ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Má sì fi í ránṣẹ́ lórí wáásáàpù. Lọ bá a nílé ní ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn tó bá ti jẹun. Kúnlẹ̀ dáadáa, kì í ṣe èyí tí ẹ ń ṣe l'Ékòó tí ẹ kàn ń tẹ orúnkún bíi pé ẹ fẹ́ ṣa abẹ́rẹ́ nílẹ̀. Kí ìyàwó rẹ̀. Kí o wá sọ fún un pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú, mi ò lè sọ ibẹ̀ yẹn bí ẹni pé ó dúró. Mo fẹ́ sọ ibi tí iṣẹ́ wa ṣì ti dúró, kí n sì sọ ibi tó ti já. Bí ẹ bá fẹ́ kí n yọ orúkọ yín lọ́jọ́ náà, mo máa yọ ọ́ sà. Bí ẹ bá ní kí n fi í sílẹ̀, mo máa sọ fún wọn pé ẹ̀yin lẹ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń yẹ iṣẹ́ wò." Òótọ́ sì ni, òun ló kọ́ ọ. Má jiyàn. Má sunkún. Bó bá bínú, máa wo ilẹ̀ títí yóò fi bínú tán, kí o tún un sọ.

Mi ò ní tàn ọ́ jẹ, ó lè fi iṣẹ́ yẹn dù ọ́. Mi ò mọ ọkùnrin náà dénú, mi ò lè búra fún ọ pé yóò gbọ́. Ọ̀wọ̀ tó yẹ ọ̀gá, fún un, kó má kù síbì kan. Ṣùgbọ́n kò sí nínú ọ̀wọ̀ náà pé kí o bá a parọ́ níwájú àwọn tó fẹ́ ràn ọ́ lọ́wọ́. Bó bá wá di pé wọ́n ní kí o máa lọ, máa bọ̀ nílé. A ti kun yàrá rẹ, bẹ́ẹ̀dì rẹ ṣì wà níbẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ronú nípa àwọn tó ṣètò ìpàdé yìí. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ tó pé pérépéré ni wọ́n fẹ́ gbọ́, àwọn àgbà nìkan ni wọn ì bá pè. Wọ́n pe ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ torí wọ́n mọ̀ pé ẹ máa kó ihò dání wá, kí àwọn tó ti jìn nínú iṣẹ́ náà lè bá yín wò ó. Ìwọ wá rí ihò tó dáa, o fẹ́ fi í pamọ́ sílé. Ẹnì kan sì wà níbì kan tó kọ̀wé tí wọn ò mú. Bí o bá yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó kù, wọn ò ní ráyè pe onítọ̀hún mọ́, yàrá yẹn á kàn wà lófìfo ni.

Bí o bá débẹ̀, má jókòó sẹ́yìn. Má máa bá àwọn ará ilé-ẹ̀kọ́ yín nìkan jẹun. Gbé àwo rẹ lọ bá ẹni tí o ò mọ̀, kí o bi í pé kí ló ń ṣe lọ́wọ́ àti ibo ló ti há sí i. Ọkùnrin tó kọ́ wa n'Íbàdàn nígbà yẹn, òun nìkan ló máa ń dá jókòó ti ẹ̀wà àti dòdò rẹ̀ lójoojúmọ́, ní tábìlì tó kọjú sí tèmi. Ohun tí mi ò lè béèrè nínú gbọ̀ngàn, mi ì bá ti rọra bi í níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń gbọ́. Mo jẹ dòdò mi, mo dìde. Mo ṣì máa ń rántí dòdò yẹn, Àbẹ̀kẹ́, inú sì máa ń bí mi.

Mi ò mọ nọ́ńbà tí mo dé mọ́. Èyí tó kàn ni pé kí o mú sísọ́ọ̀sì àti bébà dání. Bí ẹnu rẹ bá gbẹ níwájú wọn, gé bébà tẹ́ẹ́rẹ́ méjì bí o ti gé e fún mi, kí o gbé e sókè, kí o sọ pé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa nìyí. Àwọn àgbà á mọ̀ kíá. Bí ẹnì kan bá bi ọ́ ní ohun tí o ò mọ̀, sọ pé o ò mọ̀, kí o béèrè orúkọ rẹ̀, kí o lọ bá a nídìí oúnjẹ. Fún Ìbùkún lọ́mú kí o tó wọlé, kí ọmú má baà máa ro ọ́ níbi tí o ti ń sọ̀rọ̀. Má sì wọ búláòsì funfun, o mọ ohun tí mò ń sọ.

Èyí tó kẹ́yìn nìyí. O ní kò sẹ́ni tó máa bá ọ gbé ọmọ. O ò bi mí. O rò pé níwọ̀n ìgbà tí mo ti wá wẹ ọmọ nígbà tí o bí i, mo ti ṣe tèmi. O tún mọ̀ pé àjọ̀dún ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì bọ́ sí ọ̀sẹ̀ yẹn, àti pé èmi ni mo fẹ́ ka Bíbélì. Mo ti lọ bá ààrẹ ẹgbẹ́ wa láàárọ̀ yìí kí n tó jókòó kọ̀wé. Kò dùn mọ́ ọn nínú, ṣùgbọ́n ó ti rí ẹlòmíràn.

Bàbá rẹ padà wọlé lánàá kí ilẹ̀ tó ṣú. Èdè Ìlá ló bá mi sọ, èyí tó máa ń bọ́ sí bí inú rẹ̀ bá ti ń rọ̀. Kò sọ pé mo jàre. Ó gun àga, ó gbé báàgì ìrìnàjò mi sọ̀kalẹ̀ lórí wọ́dúróòbù, ó fi àkísà nu eruku ara rẹ̀, ó gbé e sẹ́nu ọ̀nà. Lẹ́yìn náà ló bi mí bóyá mo ti rántí oògùn orúnkún mi. Ó ti di iṣu fún ọ, ó ní kí o fún ọ̀gá rẹ nínú rẹ̀ nígbà tí o bá ń lọ kúnlẹ̀. Iṣu náà wà lọ́wọ́ Ìyá Délé.

Nítorí náà, pa lẹ́tà tí o kọ sí wọn rẹ́. Kọ òmíràn lónìí. Sọ fún wọn pé o ń bọ̀, pé ìyá rẹ ni yóò bá ọ gbé ọmọ, kí wọ́n sì fi àyè orúkọ rẹ sílẹ̀ bó ṣe wà. A ó pàdé n'Íbàdàn lọ́jọ́ Àìkú.

Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà ọ́. Ẹ̀rù ń ba èmi náà. Ó lè jẹ́ pé inú wàhálà tí apá mi ò ká ni mò ń tì ọ́ sí yìí. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, èmi ni kí o bínú sí, mi ò ní sá fún ọ. Mo fẹ́ràn rẹ ju kí n jẹ́ kí o kọ́ bí èèyàn ṣe ń mi orí.

Èmi àti Ìbùkún á jókòó sórí ìjókòó tó kẹ́yìn, lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Bí o bá dé ibi ihò yẹn, wàá wo ọ̀nà ilẹ̀kùn, mo mọ̀ ọ́. Èmi ni wàá rí níbẹ̀. Kí o wá sọ ọ́ pé, "Ibí ni ẹ̀rí wa ti já, mi ò sì tíì mọ bí a ṣe máa so ó." Bó bá jẹ́ pé ìgbà yẹn gan-an ni Ìbùkún bẹ̀rẹ̀ sí í ké, kó máa ké. Kí gbogbo gbọ̀ngàn yíjú wò wá. Mi ò ní gbé e jáde títí wàá fi sọ gbólóhùn yẹn tán.

Èmi ìyá rẹ, tí báàgì mi ti wà lẹ́nu ọ̀nà,
Màmá Tọ́pẹ́.